Dáyámọ́ńdì 131 àti Àpótí Tí Ẹnikẹ́ni Ò Ṣí

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Iná ti lọ, mo gbé àga síta, mò ń gba atẹ́gùn, ni fóònù mi bá dún. Olówó ni.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wo sáfà? Wọ́n ti jà mí lólè."

Olówó kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Inú Minecraft, géèmù tí a jọ ń ṣe, la ti fún un, torí òun ló ń wa ilẹ̀ jù nínú wa. Níta, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni, àwa tó sì ti yá ní owó dátà rí mọ̀ bí ọlá rẹ̀ ṣe mọ.

Àwa mẹ́rìnlá la jọ ń lo sáfà yìí, ìyẹn ayé géèmù kan ṣoṣo tí gbogbo wa jọ ń wọ̀. Orí kọ̀ǹpútà tí a háyà ní Jámánì ló wà, a sì ń dá owó rẹ̀ lóṣooṣù bí ẹni ń dá èésú. Èmi ni mò ń bójú tó o. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe ní Akúrẹ́ níbí, ẹni tó bá sì ti lè tú fóònù palẹ̀, àwọn èèyàn gbà pé kò sí ohun tí kò lè ṣe. Survival la ń ṣe: ọwọ́ òfìfo lo máa bá wọlé, wàá gé igi, wàá gbẹ́ òkúta, wàá gbin oúnjẹ, wàá sì kọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ kì í sì pẹ́ ṣú, torí ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀sán àti òru papọ̀ níbẹ̀. Bí o bá kú, gbogbo ẹrù rẹ á fọ́n síbi tí o kú sí, ìṣẹ́jú márùn-ún lo ní láti sáré padà wá kó o. Ní tiwa ní Akúrẹ́, iná tó ń lọ lójijì ti pa wá ju àwọn òkú tó ń rìn lóru lọ.

Dáyámọ́ńdì lowó wa. Géèmù kọ́ ló sọ ọ́ di owó, àwa la fẹnu kò sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé Mending, èyí tó ń jẹ́ kí irinṣẹ́ máa tún ara rẹ̀ ṣe, dáyámọ́ńdì ni á kó lọ bá ẹni tó ní i. Kò sì rọrùn láti rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún abẹ́ ilẹ̀ tò ní 2021, nínú ẹ̀dà 1.18, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń pọ̀ sí, ní nǹkan bí ìpele -59, níbi tí iná olómi ti ń dúró de ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo ti rí Olówó tó wa ilẹ̀ níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́, tó jẹ́ méje péré ló gbé jáde. Nítorí náà, nígbà tó ní 131 ti lọ, mo mọ iye òru tó bá a lọ.

Àpótí kékeré kan ló kó wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nínú géèmù. Àyè 27 ló wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, dáyámọ́ńdì 64 ló sì ń kún àyè kan. Igun òkè lápá òsì ló máa ń to tirẹ̀ sí: 64, 64, 59. Bó ṣe tò wọ́n nìyẹn kó tó fi géèmù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá nítorí test. Nígbà tó padà dé, àyè méjì àkọ́kọ́ ti ṣófo, ìkẹta ku 56. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ rọra fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn sọ́kàn, torí èmi ò fi wọ́n sọ́kàn.

Olówó ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sínú WhatsApp wa: "Ẹni tuntun mélòó la ní?" Ìbéèrè ló pè é, gbogbo wa sì gbà á bí ìdáhùn.

Ẹnì kan ṣoṣo la ní ní tuntun. Ìyá Oníkárọ́ọ̀tì là ń pè é, ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní ìlú Oǹdó, kò tí ì parí sẹ́kọ́ńdírì. Kò tí ì pé oṣù kan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fóònù ló fi ń ṣeré, ohun kan tí wọ́n ń pè ní Geyser ló ń jẹ́ kí irú wọn lè wọlé bá àwa tó ń lo kọ̀ǹpútà, àmì kékeré bí ìparí gbólóhùn a sì máa wà níwájú orúkọ wọn. Àwọn kan nínú wa ti sọ àmì yẹn di nǹkan mìíràn. "Àwọn onífóònù," wọ́n á ní, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sanwó mọ́tò. Ilé rẹ̀ sì fara ti ilé Olówó, torí odò tó wà níbẹ̀ dára fún oko.

Mo tan láptọ́ọ̀pù. Bátìrì ku 11. A ní CoreProtect lórí sáfà, èyí tó máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá gbé, bá wó, bá mú tàbí bá fi sílẹ̀. Mo tẹ /co inspect, mo tẹ àpótí náà, ìlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: Olówó, Olówó, Olówó, lẹ́yìn náà orúkọ tó ní àmì níwájú, lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn mi balẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Mi ò fi mọ síbẹ̀. Mo tún wo nọ́ńbà IP rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ibi tí èèyàn ti wọlé, mo rí i pé ó jọ ti abàlújẹ́ kan tó sun ilé mẹ́ta lórí sáfà wa lọ́jọ́ kan rí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ti kọ́ mi pé àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń kó èèyàn rẹpẹtẹ sábẹ́ IP kan, bí agbo ilé tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo ará ibẹ̀ ń gbà jáde. Àwọn oníbàárà ni mò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò rí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi.

Mo báànù rẹ̀, kò lè wọ sáfà wa mọ́. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ìdí, ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ: Olè. Láptọ́ọ̀pù kú bí mo ṣe ń ṣe tán. Mo sùn dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń lọ́wọ́ nínú fóònù oníbàárà kan tó jábọ́ sínú omi, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí. Ohùn ọkùnrin ni, ó sì tutù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oǹdó ni mo ti ń pè. Àbúrò mi lẹ pè lólè."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó jẹ́ kí n parí.

"Ó ní kí n má pè yín o. Àmọ́ kò jẹun alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò sì tíì fẹ́ẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí i pé òun ló mú un?"

"Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́, sà. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà?"

Mo ní màá ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Mo pa fóònù oníbàárà tì, mo wọ sáfà, mo tẹ àpótí náà. Kí n tó ya á, ó di dandan kí n kà á.

Ìlà àkọ́kọ́: àmì ìyọkúrò, kárọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ìlà kejì, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀: àmì ìròpọ̀, kárọ́ọ̀tì méjìlá.

Dáyámọ́ńdì kankan ò sí níbẹ̀. Mo pe Olówó, mo bi í ní ti kárọ́ọ̀tì. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Áà, bẹ́ẹ̀ ni o, bọ̀dá. Èmi ni mo ní kó lọ mú mẹ́rin nínú àpótí mi kó fi bẹ̀rẹ̀ oko. Mo ti gbàgbé." Mẹ́rin ló yá, méjìlá ló dá padà. Mẹ́jọ jẹ́ ẹ̀bùn ìdúpẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ara kárọ́ọ̀tì yẹn gan-an la ti rí orúkọ tá à ń pè é.

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Àmì tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí èyí tó wà níwájú kárọ́ọ̀tì.

Ohun tó tún burú ni pé mi ò yọ báànù náà lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fún mi di ọ̀la. Ìdí tí mo bá ara mi sọ ni pé kí n kọ́kọ́ rí olè gidi, kó má dà bí ẹni pé mò ń ṣe bó ṣe wù mí. Ìtìjú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn nínú ìwé àkọsílẹ̀ sáfà lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí i pé ọmọ náà ti gbìyànjú láti wọlé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárín ọjọ́ Àìkú àti Ajé. Ìgbàkígbà tí ẹni tí a báànù bá fẹ́ wọlé, ìdí tí a kọ ló máa ń jáde lójú fóònù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè é lólè láìmọ̀.

Mo padà sórí àwòrán Olówó. Òfo, òfo, 56. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Olè wo ló máa fi 56 sílẹ̀? Ẹni tó ń fọwọ́ kó nǹkan nínú àpótí, odidi àyè ló máa ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, yóò gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì sá. Èyí kó 64, ó kó 64, ó wá mú mẹ́ta nínú ìkẹta, ó dúró. Ẹni tó ń ka owó lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pè lójijì ló ń ṣe báyẹn. Tàbí hopper.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: hopper jọ àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Irin márùn-ún àti àpótí kan la fi ń ṣe é. Tí o bá rì í sábẹ́ àpótí, yóò máa fa ohun inú àpótí náà sísàlẹ̀, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, láti àyè àkọ́kọ́ lápá òsì lọ. Méjì àtààbọ̀ ló ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní ọwọ́, kì í ṣí àpótí, orúkọ ẹnikẹ́ni kì í sì í wà nídìí ohun tó bá fà.

Ó yẹ kí CoreProtect kọ tirẹ̀ náà. Apá kan wà nínú ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ hopper-transactions, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo lọ wò ó. False. Èmi fúnra mi ni mo pa á ní oṣù méjì sẹ́yìn, torí oko ìrèké wa ní hopper tó pọ̀, wọ́n sì ń fi ìròyìn ìrèké kún àyè tí à ń sanwó fún. Mo pa ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ lẹ́nu mọ́, mo wá ń wá ẹni tó máa jẹ́rìí.

Mo lọ sílé Olówó nínú géèmù, mo hú pákó kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Mo wọ inú ihò. Hopper ló wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ aláwọ̀ eérú lẹ̀ mọ́ ìdí àpótí bí ọmọ tó ń mu ọmú. Lívà kan, tó dà bí ṣíwíìṣì iná, wà lára ògiri ihò náà, ó wà ní títàn. Tí lívà bá ń fún hopper ní agbára, hopper á dákẹ́. Tí o bá pa á, á máa fà. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Mo tẹ hopper náà láti mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀.

Olówó. 6.46/d ago.

Ó búra, ó tún búra. Mo ní kó fara balẹ̀ kí a ka ọjọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun là ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà àti nǹkan bí wákàtí mọ́kànlá sẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Níbo lo wà? Inú gbọ̀ngàn test, wọ́n ti gba fóònù gbogbo wa. Láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Ó wà nílé, ní Ìjàpọ̀. Ta ló wà nílé?

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀.

"Àbúrò mi. Ibà ń ṣe é, kò lọ sílé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú mo lọ sílé wọn. Bàbá wọn ń jẹ iyán lọ́wọ́, ó ní kí n wá bá òun jẹ, mo ní ó ti yó mi, mo jókòó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àbúrò Olówó, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ibà ti fi í sílẹ̀. Kò jiyàn rárá. Ohun tó bà á nínú jẹ́ ni pé wọ́n ní ó fọwọ́ kan àpótí ẹ̀gbọ́n òun.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o. Bọ̀dá mi ní ọwọ́ mi ò gbọ́dọ̀ kan àpótí yẹn láéláé, pé gbogbo ẹni tó bá ṣí i ni orúkọ rẹ̀ máa jáde. Mi ò ṣí i. Abẹ́ rẹ̀ ni mo gbà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"YouTube ni, sà."

Olówó fọwọ́ bojú. Ó ń rẹ́rìn-ín ni o, àmọ́ kò fẹ́ kí bàbá rí i.

Ó wá tan láptọ́ọ̀pù, ó mú wa lọ. Láti inú ihò tí mo ti rí, ó gba ojú ọ̀nà kan tí kò fẹ̀ ju ara èèyàn lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn, a sì bọ́ sínú yàrá kékeré kan. Bẹ́ẹ̀dì kan, iná ògùṣọ̀ méjì, fèrèsé kan tí kò kọjú sí nǹkan kan ju òkúta lọ. Ilẹ̀ yàrá náà ń dán, ó ṣe búlúù láti ògiri dé ògiri. Búlọ́ọ̀kù dáyámọ́ńdì ni, ẹyọ mẹ́sàn-án la fi ń ṣe ọ̀kan. Mo kà wọ́n: méje lóròó, méjì níbùú, mẹ́rìnlá. Ìyẹn jẹ́ 126. Mẹ́ta ló fi ṣe ohun ìwalẹ̀, méjì ló fi ṣe idà. 131 géérégé. Gbogbo ìgbà tí lívà fi wà ní pípa, tí a bá ṣírò rẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan.

"Kí lo fẹ́ fi yàrá yìí ṣe?" ni mo bi í.

"Kí n máa sùn síbẹ̀."

Bàbá wọn ti fọwọ́ nù, ó ti wá dúró lẹ́yìn wa. "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé owó gidi ni nǹkan yìí?" Mo ní rárá, sà, kò ṣe é ná níta. Ó ní kí ló wá gbé mi dé ilé òun lálẹ́. Mo sọ fún un pé ní 2014, bílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là ni Microsoft fi ra ilé iṣẹ́ àwọn ará Sweden tó ṣe géèmù náà. Ó wo ilẹ̀ búlúù yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà sídìí omi tó ń mu.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni gbogbo wa sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Ẹnì kan ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, orúkọ Olówó ló kó ẹrù Olówó. Ẹnì kan ní kí n kàn tẹ rollback, kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Àṣẹ kan ni, àmọ́ kò lè dá ohun tí hopper fà padà, torí mo ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì máa nu yàrá náà rẹ́, Olówó fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n má ṣe é. Ó ti fọwọ́ tú ilẹ̀ náà, ó kó 126 rẹ̀, ó fi pákó rọ́pò, ó fi idà àti ohun ìwalẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ náà. Ìyá Búrẹ́dì, òun nìkan ló ti bímọ nínú wa, kò sọ̀rọ̀ títí gbogbo wa fi pariwo tán. Ó wá kọ ọ́ pé: "Èyí tí ẹ ń dá yìí ti parí nínú ilé bàbá wọn. Ti ọmọ tí ẹ pè lólè ńkọ́?"

Mo ti yọ báànù náà kí n tó kúrò ní Ìjàpọ̀. Mo wá kọ ohun tí mo ṣe síbi tí gbogbo wọn ti máa kà á: àmì ìròpọ̀ tí mi ò kà, IP tí mi ò yẹ kí n gbé lé, hopper-transactions tí mo pa, ọjọ́ kan tí mo fi dá a dúró lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ẹni tó kọ "Ẹni tuntun mélòó la ní?" náà tọrọ àforíjì, ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Mo pe Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fóònù fún un, mo bẹ̀ ẹ́ tó bí mo ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, bọ̀dá." Kò sọ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, Ẹtì kọjá. Kárọ́ọ̀tì rẹ̀ ti gbó lóko, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, orúkọ tó ní àmì níwájú wọlé. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀. A kí i káàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fèsì. Ó rìn lọ sílé Olówó, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó padà sí oko rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kórè. Nígbà tó jáde tán ni mo lọ tẹ àpótí náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àmì ìyọkúrò. Kárọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Mẹ́rin tó yá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí níbẹ̀.